Gálọ́ọ̀nù Epo Kan, Ó Gbé Ẹrù Dé Ibo?

Ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀ ni a fẹ́ jọ sọ lónìí.

Láti May 29, 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ epo kò wọ̀. Owó ọkọ̀ lọ sókè, owó oúnjẹ tẹ̀lé e. Iye tí wọ́n ń ta lítà kan ni ó wà lẹ́nu gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí a kì í sábà bi ara wa: lítà tí a ti sanwó rẹ̀ yìí, kí ló bá wa ṣe? Ẹrù mélòó ló gbé, ó sì gbé e dé ibo? Lára àwọn tó kọ́kọ́ bi ìbéèrè yìí, tí wọ́n wá ìdáhùn rẹ̀ tọwó tọwó, ni àwọn ológun. Wọ́n mọ̀ pé bí epo bá tán lójú ogun, ẹ̀mí lè bá a lọ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà nínú ìtàn náà, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ sì wúlò fún ẹni tó ń na Òṣogbo sí Iléṣà lónìí.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìpìlẹ̀. Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa, orí ènìyàn ni ọkọ̀ ẹrù. Aláàárù ló ń ru ẹrù ọlọ́jà, òun náà ló ń ru ẹrù ọmọ ogun. Nígbà ogun Jámánì, láàárín 1914 sí 1916, tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà lọ jà ní Kamẹrúùnù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláàárù ló ru oúnjẹ àti ọta ìbọn tẹ̀lé wọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní aláàárù kan ru kílò 25 oúnjẹ, tí òun náà sì ń jẹ kílò kan lóòjọ́ nínú ẹrù yẹn. Bó bá rin ọjọ́ 25, ẹrù ti tán lórí, kò sì tíì kan ẹni tí wọ́n rán an sí. Bó bá tún ní láti rí oúnjẹ jẹ nígbà tó bá ń padà bọ̀, ọ̀nà ọjọ́ 12 péré ti tó láti gba gbogbo ẹrù náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Òfin kan nìyẹn tí kò yí padà títí di òní: ohunkóhun tó bá ń gbé ẹrù ń jẹ nínú ohun tí à ń fi ṣòwò, bí ọ̀nà bá sì ṣe jìn tó ló ṣe ń jẹ ẹ́ tó.

Ìdí nìyí tí inú àwọn oníṣòwò fi dùn nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Láàárín méjèèjì, ní 1906, wọ́n ti la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ojú irin kò gba Iléṣà. Ẹrù ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní láti kọ́kọ́ dé Òṣogbo, ìrìn tó tó nǹkan bíi kìlómítà 32. Orí àwọn aláàárù ló kọ́kọ́ rìn ín. Nígbà tó yá, lọ́rì gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí Òṣogbo fi di ojúkò ọjà fún gbogbo agbègbè wa, ẹ má wò ju ibi tí ẹrù ti ń bọ́ sílẹ̀ lórí ènìyàn tí ó ń wọ inú ọkọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ àwọn ológun. Ní 1903, ilé iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìdíje kan kalẹ̀ ní Aldershot. Wọ́n ń wá ẹ̀rọ tí yóò máa fa ìbọn ńlá àti ẹrù wúwo. Ẹ̀rọ tí wọ́n mọ̀ nígbà náà ni èyí tí ń fi èédú se omi, tí ooru omi náà sì ń tì í lọ. Agbára rẹ̀ kò kéré, àmọ́ kì í rìn jìnnà kó tó tún dúró gba omi, kó tún dúró gba èédú. Nítorí náà, àwọn ológun kò béèrè ẹ̀rọ tó yára jù. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé: ta ló ní ẹ̀rọ tó lè fa tọ́ọ̀nù 25 fún máìlì 40 láìdúró gba epo, láìdúró gba omi? Ilé iṣẹ́ Hornsby ti ìlú Grantham mú ẹ̀rọ kan wá tó ń lo epo òyìnbó, irú èyí tí à ń dà sínú àtùpà. Ó fa ẹrù náà dé máìlì 58 kó tó dúró. Wọ́n fún wọn ní ẹ̀bùn 1,000 pọ́ùn, wọ́n sì tún san 10 pọ́ùn lórí máìlì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi lé 40. Àfikún yẹn jẹ́ 180 pọ́ùn. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n sanwó fún. Wọn kò sanwó fún ariwo ẹ́ńjìnnì tàbí fún eré sísá. Máìlì tí ẹrù rìn lórí epo tó wà nínú táńkì ni wọ́n sanwó fún.

Ilé iṣẹ́ Hornsby yìí kan náà ló tún ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ẹ̀wọ̀n irin rìn dípò táyà, kó má baà rì sínú ẹrẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Holt ní Kalifọ́níà, tí òun náà ti ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Nínú ogun 1914 sí 1918, katakata Holt ló ń fa àwọn ìbọn ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ẹrẹ̀ ilẹ̀ Faransé. Ní 1925, Holt àti Best pa pọ̀ di ilé iṣẹ́ Caterpillar. Ẹ̀rọ ìdílé yìí ni ẹ ń rí títí dòní níbi tí wọ́n bá ti ń la ọ̀nà.

Ti lọ́rì náà ní ìtàn tirẹ̀. Kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì ti ń fún àwọn oníṣòwò lówó kí wọ́n lè ra irú lọ́rì tí ológun fẹ́. Ní àlàáfíà, oníṣòwò á fi kó ẹrù rẹ̀. Bí ogun bá dé, ìjọba á gbà á. Lọ́rì wọ̀nyẹn ń gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Rọ́bà líle gbagidi ni táyà wọn, kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ní 1916, nígbà tí àwọn ará Jámánì kọlu ìlú Verdun ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún lọ́rì láti Bar-le-Duc, ó sì tó kìlómítà 72. Nígbà tí iṣẹ́ náà gbóná jù, lọ́rì kan ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá, tọ̀sán tòru. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé epo ti di oúnjẹ ogun.

Kí ló dé tí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yìí fi ń mu epo bí ẹni mumi? Ìdáhùn náà ṣe kókó, nítorí pé ohun tó ń jẹ wọ́n lépo nígbà náà ni ó ń jẹ wá lépo lónìí.

Àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì a máa fa epo àti afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà, á fún un pọ̀, kí pílọ́ọ̀gì tó ṣáná sí i. Bó bá ṣe fún un pọ̀ tó ni agbára tí à ń rí nínú epo náà ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ́ńjìnnì ìgbà ogun 1914 sí 1918 kì í fún un kọjá bí ìlọ́po mẹ́rin. Ti òde òní ń fún un tó ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, nínú gálọ́ọ̀nù márùn-ún tí lọ́rì ìgbà náà bá jó, nǹkan bíi mẹ́rin ló ń bá ooru àti èéfín lọ. Nǹkan bí ẹyọ kan péré ló ń ti ẹrù síwájú.

Èkejì, ilẹ̀ tí táyà ń tẹ̀. Lórí títì ọlọ́dà tó dán, agbára tí ọkọ̀ fi ń yí táyà kì í ju bí ìdá kan sí ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Bó bá bọ́ sórí yanrìn tó rọ̀ tàbí sínú ẹrẹ̀, agbára tó ń fẹ́ lè di ìlọ́po mẹ́wàá, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ náà kò yí padà, epo náà kò yí padà. Ilẹ̀ ló yí padà.

Ẹ̀kẹta, òkè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba Iléṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ ohun tí mò ń wí. Bí lọ́rì tí ìwúwo òun àti ẹrù rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́fà bá gun òkè tó ga ní mítà 100, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ń rí ìdá kan lò nínú márùn-ún, gígùn òkè nìkan ti jẹ nǹkan bíi lítà epo kan. Ìyẹn yàtọ̀ sí epo tí ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Bí awakọ̀ bá sì ń tẹ bíréèkì sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, lítà yẹn kò tún padà wá mọ́. Bíréèkì ti sọ ọ́ di ooru.

Ẹ̀kẹrin, ọwọ́ ẹni tó ń wà á. Ẹni tó bá ń fi jíà kékeré rìn níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, tó ń sáré dé ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú kó tó tẹ bíréèkì, tó sì tún ń sáré padà, ń ra epo lẹ́ẹ̀mejì fún ìrìn kan.

Ó ti tó àkókò ká lọ sí ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti fi ojú ara wọn rí gbogbo èyí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1941, nígbà tí ogun Hítílà ti gbóná, Ítálì ló ń ṣàkóso Sòmálíà àti Etiópíà. Láti Kẹ́ńyà ni Ọ̀gágun Alan Cunningham ti darí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n lọ gbà á lọ́wọ́ wọn. Bìrìgéèdì àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n ti la odò Juba kọjá, tí ìlú Gelib sì ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ ọkọ̀, wọ́n kọrí sí Mogadíṣù. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rin máìlì 235, wọ́n sì wọ ìlú náà ní February 25, 1941.

Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìlú náà fúnra rẹ̀ lọ. Bí àwọn ará Ítálì ṣe ń sá lọ, wọ́n fi epo mọ́tò tó tó gálọ́ọ̀nù 350,000 sílẹ̀, pẹ̀lú 80,000 gálọ́ọ̀nù epo ọkọ̀ òfuurufú. Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun tó ń lépa wọn ló bọ́ sí. Kò pẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù March, àwọn ọmọ Nàìjíríà tún mú ọ̀nà pọ̀n lọ sí Jijiga ní ilẹ̀ Etiópíà. Máìlì 744 ni, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 1,190. Ó jìn ju Òṣogbo sí Kánò lọ. Ní March 17, wọ́n ti dé ibẹ̀. Wọ́n jagun gba òkè Marda kọjá, wọ́n wọ Harar ní March 26, Addis Ababa sì bọ́ ní April 6.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí máìlì 744 túmọ̀ sí fún epo. Ká mú irú lọ́rì kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò nígbà ogun Hítílà, Bedford QL, tó ń gbé tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Táńkì rẹ̀ ń gba gálọ́ọ̀nù 28, wọ́n sì kà á sí pé yóò rin máìlì 230 lórí rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ máìlì mẹ́jọ ó lé díẹ̀ sí gálọ́ọ̀nù kan. Bí a bá fi lítà àti kìlómítà sọ ọ́, kò pé kìlómítà mẹ́ta sí lítà kan. Ká fi máìlì mẹ́jọ ṣírò. Lọ́rì bẹ́ẹ̀ yóò jó gálọ́ọ̀nù 93 láti Mogadíṣù dé Jijiga. Bó bá ní láti padà lọ gbé òmíràn wá, 186 ni.

Ká wá ní epo gan-an ni ẹrù tó gbé. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta epo tó nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 900. Nínú 900 yìí, lọ́rì tó gbé e ti jẹ 186 ní àlọ àti àbọ̀. Nínú gálọ́ọ̀nù márùn-ún, ẹyọ kan ti lọ. Bí ọ̀nà bá wá jẹ́ yanrìn, tó fi jẹ́ pé máìlì mẹ́rin péré ni gálọ́ọ̀nù kan ń rìn, 372 ló máa jẹ. Gálọ́ọ̀nù méjì nínú márùn-ún ti bá ọ̀nà lọ, ọmọ ogun kankan kò tíì rí epo gbà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Inú garawa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, olómi gálọ́ọ̀nù mẹ́rin, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó epo sí nígbà náà. Garawa yìí kò lágbára rárá. Bí ọkọ̀ bá gbọ̀n díẹ̀, ojú tí wọ́n ti jó o pọ̀ á là, epo á sì máa jò. Ọ̀gágun Claude Auchinleck, tó jẹ́ olórí ogun ní agbègbè aṣálẹ̀ àríwá Áfíríkà, fojú díwọ̀n rẹ̀ pé tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún epo ló ń ṣòfò kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa lò ó. Ẹ fi ìyẹn kún ìṣirò wa. Ìdá 30 nínú 900 jẹ́ 270. Ẹ yọ 372, ẹ yọ 270. Gálọ́ọ̀nù 258 ló kù, kò tó ìdá mẹ́ta ṣe ọ̀kan ohun tó kúrò nílé.

Ẹ wá rí i pé epo 350,000 gálọ́ọ̀nù tí wọ́n bá ní Mogadíṣù kì í ṣe ẹ̀bùn kékeré. Epo tó ti wà níwájú kò ní ọ̀nà kankan tí yóò jẹ ẹ́ láti Kẹ́ńyà. Ọgbọ́n kan náà ló mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yára gba èbúté Berbera padà ní March 16. Láti ibẹ̀, ọ̀nà epo àti oúnjẹ dé Jijiga kúrú gan-an ju ti Mogadíṣù lọ. Akínkanjú ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó rin ìrìn náà, ẹnikẹ́ni kò sì lè gba ìyìn yẹn lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ akínkanjú pàápàá kò lè rìn kọjá ibi tí epo rẹ̀ bá tán sí.

Ní ti garawa tó ń jò, àwọn ará Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ rí ojútùú rẹ̀. Wọ́n ṣe agolo irin olómi 20 lítà, ìdérí rẹ̀ ń dì pinpin, ọwọ́ mẹ́ta ló ní lórí kí ènìyàn méjì lè jọ gbé e, irin rẹ̀ sì nípọn tó láti gba ìnira. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i gbà lójú ogun, wọ́n ṣe irú rẹ̀. Jẹ́ríkàn nìyẹn. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, lítà epo tí kò jò dànù kò yàtọ̀ sí lítà tuntun tí a wa jáde láti inú ilẹ̀.

Ibì kan wà tí ọkọ̀ kò tilẹ̀ lè wọ̀, ìyẹn Bọ́má. Láti ìparí 1943 bọ́ sí 1944, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú Dìfíṣọ̀nù Kọkànlélọ́gọ́rin wọ àfonífojì Kaladan. Ọwọ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà jíìpù tó tó máìlì 75 nínú òkè àti igbó. Lẹ́yìn ibẹ̀, aláàárù ló ru ẹrù lórí, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn láti ojú ọ̀run. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ogun Kamẹrúùnù, wọ́n ti padà sórí aláàárù, kì í ṣe pé wọn kò ní mọ́tò, ilẹ̀ ni kò gbà á.

Ní ilẹ̀ Faransé ní 1944, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tò lọ́rì tó sún mọ́ 6,000 sójú ọ̀nà kan láti máa kó ẹrù lọ bá àwọn ọmọ ogun tó ń lé àwọn ará Jámánì. Aláwọ̀ dúdú ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn awakọ̀ wọn. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n kó ju tọ́ọ̀nù 12,000 lọ. Lọ́rì GMC tí wọ́n ń lò ń gba gálọ́ọ̀nù 40 ti Amẹ́ríkà sínú táńkì, wọ́n sì kà á sí máìlì 300. Nígbà tí ojú ogun sún síwájú, epo tí lọ́rì ń jó láti gbé epo ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, títí tí àwọn ọkọ̀ ogun iwájú fi dúró nítorí àìsí epo.

Nígbà tí ogun parí, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ti kọ́ ọkọ̀ wíwà àti àtúnṣe ẹ́ńjìnnì nínú iṣẹ́ ológun padà sílé pẹ̀lú iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́. Bedford náà wá di gbajúmọ̀ lójú ọ̀nà wa. Káfíńtà á kan ara onípákó sí i, ó di bọ́lékájà, ó ń kó èrò àti kòkó pọ̀. Ìdílé tó jẹun lára iṣẹ́ yìí ní Òṣogbo àti Iléṣà kò níye.

Kí wá ni kí àwa tí a wà láyé lónìí ṣe? Ẹ jẹ́ kí n kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ní bírò lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Èkíní, ẹ wọn epo yín. Ẹ rọ epo kún táńkì títí dé ẹnu. Ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ẹ ṣiṣẹ́ yín bí ẹ ti ń ṣe é. Nígbà tí ẹ bá tún rọ epo, ẹ rọ ọ́ kún dé ẹnu bákan náà, ẹ kọ iye lítà tó gbà, ẹ sì tún wo nọ́ńbà kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá ti rin kìlómítà 320, tó sì gba lítà 40, kìlómítà mẹ́jọ ló ń rìn sí lítà kan. Ẹ máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí mẹ́jọ bá di méje, ọkọ̀ ti ń sọ fún yín pé nǹkan ń ṣe òun, kó tó dákú sójú ọ̀nà.

Ẹ má sọ pé kìlómítà kan kò tó nǹkan. Òṣogbo sí Iléṣà, kìlómítà 32. Ọkọ̀ tó ń rin mẹ́jọ sí lítà kan á jó lítà mẹ́rin. Èyí tó ń rin méje á jó mẹ́rin àti àbọ̀ ó lé díẹ̀. Bí awakọ̀ bá na ọ̀nà náà nígbà mẹ́jọ lóòjọ́, ó ti pàdánù ju lítà mẹ́rin àbọ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Èkejì, ẹ wo táyà yín. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ ń rìn nínú yanrìn nígbà gbogbo, kódà lórí títì ọlọ́dà. Àárọ̀ ni kí ẹ ti máa wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, kí táyà tó gbóná.

Ẹ̀kẹta, ẹ dín eré kù. Láti 80 kìlómítà ní wákàtí kan sí 100, afẹ́fẹ́ tó ń dènà ọkọ̀ ti lé ní ìlọ́po kan àbọ̀ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Epo ló ń sanwó rẹ̀, ẹ̀mí náà sì lè bá a san.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń dúró de èrò ní gáréèjì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ kékeré tó dúró tó ń hùn lè jó láti ìdajì lítà dé lítà kan ní wákàtí kan, kò sì kúrò lójú kan.

Ẹ̀karùn-ún ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbẹ̀ àti oníṣòwò tẹ́tí sí jù. Ẹ má fi iye epo tí ọkọ̀ ń jẹ nìkan dá a lẹ́jọ́. Ẹ fi ẹrù tó gbé kún un, gẹ́gẹ́ bí àwọn ológun ti ṣe ní Aldershot. Ká ní ọkọ̀ kékeré kan ń gbé tọ́ọ̀nù kan, ó sì ń rin kìlómítà mẹ́jọ sí lítà kan. Lítà kan ti gbé tọ́ọ̀nù kan fún kìlómítà mẹ́jọ. Ká tún ní lọ́rì ńlá kan ń rin kìlómítà mẹ́ta péré, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ló gbé. Lítà kan ti ṣe iṣẹ́ tọ́ọ̀nù kan fún 30 kìlómítà. Lọ́rì tí à ń pè ní ọ̀jẹun ló wá jẹun díẹ̀ jù lórí àpò kòkó kọ̀ọ̀kan. Bó bá wá jẹ́ tọ́ọ̀nù méjì péré ni wọ́n kó sínú lọ́rì náà, tàbí tó gbé ẹrù lọ tó sì ń bọ̀ lófìfo, èrè yẹn ti sọnù. Nítorí náà, ẹ̀yin ará oko kan náà, ẹ pa ẹrù yín pọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ jọ gba ọkọ̀ kan tó kún dípò ọkọ̀ mẹ́rin tí kò kún. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ wá ẹrù àbọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Àmọ́ kíkún kọ́ ni àkúnwọ́sílẹ̀ o. Ẹrù tó bá ju agbára ọkọ̀ lọ ń ba táyà, ń ba bíréèkì, ó sì ń pa ènìyàn.

Ẹ̀kẹfà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yá katakata. Ní 1919, ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta katakata fún àgbẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ti dán an wò. Láti 1920 ni wọ́n ti ń wọn agbára àti epo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni àwọn tó ń ta katakata ti fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ wọn. Àwa náà lè béèrè bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó sanwó katakata, ẹ béèrè pé lítà mélòó ni yóò jó lórí hẹ́kítà kan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dá yín lóhùn.

Ẹ̀keje kan àwọn tó ń ṣàkóso wa. Ọ̀nà tó bàjẹ́ ń gbowó orí lọ́wọ́ gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá, lójoojúmọ́, láìsí ẹni tó ń kọ rìsíìtì. Ihò kọ̀ọ̀kan ni ibi tí awakọ̀ ti ń tẹ bíréèkì, tí ó tún ń bẹ̀rẹ̀ látorí jíà kìíní. Ẹrẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà oko Ìjẹ̀ṣà ń fi owó kún iye tí wọ́n ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọjà Òṣogbo. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ bá ń jókòó lórí owó títún ọ̀nà ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi epo tí ọ̀nà burúkú ń jó sínú ìṣirò náà. Àwọn ọmọ wa tó lọ sí Bọ́má fi ọwọ́ la máìlì 75 kí jíìpù lè kọjá. Kò yẹ kí ọ̀nà oko máìlì mẹ́wàá ṣòro fún wa ní àkókò àlàáfíà.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Nítorí ọ̀wọ́n epo, ẹ má ṣe kó bẹntiróòlù pamọ́ sínú ilé tí ẹ ń gbé. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ a máa rápálá lọ bá iná tó jìnnà sí i. Ilé epo ni ipò rẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, a kò ní agbára lórí iye tí wọ́n ń ta epo bẹntiróòlù lọ́jà àgbáyé. A ní agbára lórí ohun tí a bá fi ṣe lẹ́yìn tó ti wọ táńkì wa. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ fi sínú ọkọ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà kìlómítà àti iye lítà sí i nígbà tí ẹ bá tún dé ilé epo. Ẹ fi oṣù kan gbáko ṣe é, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ bá rí hàn mẹkáníìkì yín. Ẹ rìn re o, kí ọ̀nà gbogbo yín sì já sí ire.